Ọkọ̀ Aago Mẹ́fà

Èmi ni mo ń ya tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté Kuivastu.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú omi,
mo mọ ọwọ́ àwọn èèyàn ju ojú wọn lọ.
Ọwọ́ Ardo Pihlamets, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá,
pupa bí inú ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là,
torí pé ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi wé bàtà bọ́ọ̀lù
kí awọ bàtà má baà gan nínú òtútù.

Àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà.
Òkun dúdú, yìnyín ń fọ́ lábẹ́ wa bí àwo.
Ọmọ náà á lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ amúlégbóná,
á máa jẹ búrẹ́dì dúdú tí ìyá rẹ̀ fi bọ́tà pa,
kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, “Níbo lò ń lọ?”
Ó ní, “Tallinn. Bọ́ọ̀lù.”
Ọ̀rọ̀ méjì. Ní erékùṣù wa, àsọjù nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn ń wọlé díẹ̀díẹ̀
bí omi ti í wọ bàtà tó lu.
Wọ́n ní ó ti dé Póláǹdì, ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì.
Wọ́n ní ó ti kọjá sí Dẹ́ńmáàkì,
ahọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò gba orúkọ rẹ̀,
wọ́n kúkú ń pè é ní Ará Erékùṣù.
Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sára páálí wàrà.
Mo da wàrà sínú kọfí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan,
ó ń wò mí láti orí tábìlì, eyín rẹ̀ funfun nini.
Mi ò mọ̀ pé ó ní eyín;
kò rẹ́rìn-ín lójú mi rí.

Alẹ́ tó gbá góòlù wọlé orílẹ̀-èdè ńlá kan,
níbi tí gbogbo àwa ò ju àdúgbò kan lọ,
Hillar Tuulmets, ọ̀gákọ̀ wa,
ẹni tí ohùn rẹ̀ ti bá aya rẹ̀ wọlẹ̀ lọ,
fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín òkun.
Àwọn ẹyẹ fò dìde.
Àwa òṣìṣẹ́ wo ara wa, a mi orí.
Ijó wa nìyẹn.

Lọ́dún náà, gbogbo ọmọkùnrin Orissaare
ló fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù,
títí kan àwọn tí Ọlọ́run dá ní ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Òkìkí dà bí oòrùn oṣù Kẹfà níhìn-ín:
kì í wọ̀, kì í jẹ́ kéèyàn sùn.
Oòrùn oṣù Kejìlá náà ni:
aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ti lọ.
Iṣan orúnkún rẹ̀ já lọ́jọ́ tí òjò ń pa pápá.
Wọ́n pààrọ̀ àwòrán ara páálí wàrà.
Màlúù ni wọ́n fi sí i.

Oṣù Kọkànlá tó kọjá ló padà,
ó ń tiro, báàgì kan ṣoṣo lọ́wọ́.
Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.
Irọ́ ni. Mo rí ojú rẹ̀
bó ṣe ń wo ìwọ̀nba omi tó kù kó tó délé.
Ọkọ̀ kún, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n.
Ẹnikẹ́ni ò pariwo, ẹnikẹ́ni ò yọ fóònù.
Ìyá Salme kàn sún kúrò nídìí ẹ̀rọ amúlégbóná,
ó ṣe bí ẹni pé ooru ń mú òun.
Ẹnìkan gbé kọfí síwájú rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà.

Nígbà tó na tíkẹ́ẹ̀tì sí mi,
mo rí ọwọ́ náà, pupa, láìsí ìbọ̀wọ́.
Mo ní, “Níbo lò ń lọ?”
Ó rẹ́rìn-ín. Eyín páálí wàrà kọ́, ọ̀kan ti kán.
Kò dáhùn.

Mi ò ya tíkẹ́ẹ̀tì náà. Mo dá a padà fún un lódindi.
Bó bá wù ú lọ́la, ó ṣì lè fi wọkọ̀.